Ẹni Tó Fẹ́ Ṣe Chip, Kó Mọ Inú Irinṣẹ́ Rẹ̀

Ẹ̀yin alága ìjókòó, ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n wa, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ kún inú gbọ̀ngàn yìí bámúbámú, mo kí gbogbo yín. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú àfarabalẹ̀. Mo rí àwọn tí wọn ò rí àga, tí wọ́n dúró lẹ́yìn. Ẹ kú ìdúró o.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi lónìí ni kí n sọ̀rọ̀ lórí ìwádìí tí à ń ṣe ní yunifásítì nípa transistor, ìyẹn ohun kékeré tó ń ṣí tàbí tó ń pa ọ̀nà iná mànàmáná, àti chip, ìyẹn ègé silicon tí a kó ọ̀pọ̀ transistor sí, pàápàá èyí tí à ń fi sọ́fútíwíà ṣe. Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n gbé ohun tí mo fẹ́ sọ kalẹ̀ ní gbangba, kí ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn ti lè máa múra sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ tí gbogbo ayé fi ń ṣe chip lónìí, inú yunifásítì ló ti jáde. Ó sì jáde níbẹ̀ nítorí pé wọ́n gba akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti tú u palẹ̀, kí wọ́n wo inú rẹ̀, kí wọ́n sì tún un tò. Ọjọ́ tí àwa ní yunifásítì bá di ẹni tó kàn ń tẹ bọ́tìnnì, ìwádìí wa parí lọ́jọ́ náà, bí ìwé wa tiẹ̀ ṣì ń jáde.

Ìdí tí iṣẹ́ yìí fi di iṣẹ́ sọ́fútíwíà

Ìbéèrè kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bi mí. Wọ́n á ní, "Ọ̀gá, kí ló dé tí a ò kàn ṣe é, ká wò ó bóyá á ṣiṣẹ́?" Ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ ká dáhùn rẹ̀.

Nígbà tí Bardeen àti Brattain ṣe transistor àkọ́kọ́ ní Bell Labs ní oṣù Kejìlá ọdún 1947, èèyàn lè fi ojú lásán rí i, kó sì fi ọwọ́ gbá a mú. Nígbà tí Jack Kilby kó odindi circuit, ìyẹn àwọn ẹ̀yà tí a so pọ̀ kí iná lè gba inú wọn ṣiṣẹ́, sórí ègé germanium kan ṣoṣo ní Texas Instruments ní 1958, ọwọ́ ṣì ni wọ́n fi ń ṣe é. Kódà nígbà tí Intel gbé 4004 jáde ní 1971, tí transistor inú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 2,300, èèyàn ló fi ọ̀bẹ gé àwòrán rẹ̀ sára ike pupa, ìlà lẹ́yìn ìlà.

Ibo la wà lónìí? Chip M1 tí Apple gbé jáde ní 2020 ní transistor bílíọ̀nù 16. H100 ti Nvidia, tó jáde ní 2022, ní bílíọ̀nù 80. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹnì kan ń ya transistor kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí kò sùn, tí kò sinmi, ó máa lo ọdún tó lé ní 2,500 kó tó ya ẹyọ H100 kan tán. Ta ló fẹ́ ṣe ìyẹn?

Yíyà á nìkan kọ́ ni ìṣòro. Ohun tí a bá yà ni wọ́n máa sọ di mask, ìyẹn àwo tí wọ́n fi ń darí ìmọ́lẹ̀ láti tẹ àwòrán náà sára silicon. Fún chip ìgbàlódé, owó mask nìkan lè tó ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là, oṣù bíi mélòó kan sì máa kọjá kí ilé-iṣẹ́ tó dá ohun tí o fi ránṣẹ́ padà fún ọ. Ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ EUV, irú èyí tí ojú kò lè rí, ṣe iṣẹ́ yìí, ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe é ní gbogbo ayé, ASML ti ilẹ̀ Netherlands. Àtàrí àjànàkú kì í ṣẹrù ọmọdé. Kì í sì í ṣe ẹrù yunifásítì. Ohun tó kù fún wa ni pé ká ti mọ bí nǹkan náà á ṣe ṣe, kí ẹnikẹ́ni tó náwó.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1994. Thomas Nicely, olùkọ́ ìṣirò ní Lynchburg College ní Amẹ́ríkà, ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìwádìí lórí àwọn nọ́ńbà prime tó jẹ́ ìbejì. Ó rí i pé èsì tí kọ̀ǹpútà Pentium rẹ̀ ń fún un kò bá ti àwọn yòókù mu. Ó tú kóòdù rẹ̀ yẹ̀ wò, ó tú ẹ̀rọ yẹ̀ wò, ó wá rí i pé chip yẹn gan-an ni kò mọ nọ́ńbà pín. Bí o bá ní kó fi 3,145,727 pín 4,195,835, èsì tó yẹ kó mú wá ni 1.33382. Pentium á ní 1.33374. Kí ló fà á? Tábìlì kan wà nínú chip náà tó máa ń wò nígbà tó bá ń pín nǹkan. Ààyè márùn-ún nínú tábìlì yẹn ló ṣófo. Márùn-ún péré! Intel ya mílíọ̀nù 475 dọ́là sọ́tọ̀ nítorí ààyè márùn-ún yẹn. Látìgbà náà ni ìwádìí lórí bí a ṣe lè fi ìṣirò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé chip kan tọ̀nà, kó tó kan silicon rárá, ti gbèrú gidigidi, ní yunifásítì àti ní ilé-iṣẹ́. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ kíyè sí ẹni tó rí àṣìṣe náà: olùkọ́ tí kò gba èsì kọ̀ǹpútà gbọ́ lásán ni.

SPICE, iṣẹ́ kíláàsì tó gba ayé kan

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Yunifásítì California ní Berkeley, ní nǹkan bí 1969 sí 1970. Ron Rohrer ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ nípa circuit. Dípò kó máa kọ ọ̀rọ̀ sójú pátákó kí wọ́n máa dà á kọ, ó ní kí wọ́n jọ kọ sọ́fútíwíà tó lè ṣírò bí circuit ṣe máa ṣiṣẹ́. Ẹni tó máa ṣe ìdájọ́ ni Donald Pederson, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti dá yàrá tí wọ́n ti ń ṣe chip sílẹ̀ ní Berkeley. Bí Pederson bá fọwọ́ sí i, gbogbo wọn yege. Laurence Nagel wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà. Orúkọ tí wọ́n sọ sọ́fútíwíà ọ̀hún ni CANCER.

Kò pẹ́ sígbà yẹn tí Rohrer fi Berkeley sílẹ̀, Pederson sì di alábòójútó Nagel. Ohun kan ṣoṣo ni Pederson dúró lé lórí: sọ́fútíwíà tí òun ò bá lè fún gbogbo ayé láìsí ìdènà, òun ò fẹ́. Nítorí náà, Nagel jókòó, ó tún un kọ. Èyí tó jáde ni SPICE. Wọ́n gbé e síwájú ìpàdé àwọn onímọ̀ ní Kánádà ní 1973. SPICE2 tẹ̀ lé e ní 1975.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, wọ́n á fún un, tòun ti kóòdù rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kàwé jáde ní Berkeley á gbé téèpù rẹ̀ dání lọ sí ilé-iṣẹ́ tó gbà á. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ wọ̀nyẹn á lò ó, á dojú kọ ìṣòro, wọ́n á sì fi ìṣòro náà ránṣẹ́ padà sí Berkeley, akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn á tún un ṣe, bẹ́ẹ̀ ni kóòdù náà ń lágbára sí i. HSPICE, PSpice, LTspice, ngspice, ọmọ àti ọmọ-ọmọ SPICE ni gbogbo wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ti ya circuit sórí kọ̀ǹpútà rí, tí ẹ tẹ "run", iṣẹ́ kíláàsì yẹn lẹ lò. IEEE, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ iná, fún Pederson ní àmì ẹ̀yẹ Medal of Honor ní 1998, mo sì rò pé kò sí ẹni tó tọ́ sí i jù ú lọ.

Bákan náà lọ̀rọ̀ ṣe rí fún FinFET, irú transistor kan. Bí transistor ṣe ń kéré sí i, gate tó yẹ kó máa pàṣẹ fún iná ń pàdánù àṣẹ rẹ̀, iná á máa jò nígbà tí transistor wà ní pípa. Hisamoto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Hitachi ti gbé irú transistor kan tó dìde dúró jáde ní 1989. Ní òpin àwọn ọdún 1990, ẹgbẹ́ Chenming Hu, Tsu-Jae King Liu àti Jeffrey Bokor ní Berkeley gbé FinFET kalẹ̀: wọ́n mú ọ̀nà tí iná ń gbà kọjá, wọ́n gbé e nàró, gate sì dì mọ́ ọn láti ẹ̀gbẹ́. Ní 2011 ni Intel kéde pé àwọn máa lò ó fún chip 22 nánómítà wọn. Ó ju ọdún mẹ́wàá lọ láti yàrá ìwádìí dé ọjà. Láàárín ìgbà yẹn, ẹgbẹ́ Hu kan náà ń kọ BSIM, mọ́dẹ́ẹ̀lì tó ń sọ fún SPICE bí transistor ṣe ń hùwà, wọ́n sì ń fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó ṣe transistor náà ló tún ṣe ìṣirò tí a fi ń lò ó. Mo fẹ́ kí ẹ rántí ìyẹn nígbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ìwádìí lórí sọ́fútíwíà kì í ṣe ìwádìí gidi.

Ohun tó wà nínú irinṣẹ́ náà

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an la dé yìí. Ẹ fara balẹ̀ bá mi lọ.

Oríṣi sọ́fútíwíà pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mú méjì. Ọ̀kan ń wo inú transistor kan ṣoṣo, TCAD ni wọ́n ń pè é. Èkejì ń wo ọ̀pọ̀ transistor tí a so pọ̀, SPICE nìyẹn.

TCAD máa ń yanjú ìṣirò mẹ́ta papọ̀. Ọ̀kan ń sọ bí àwọn agbára iná tó wà nínú silicon ṣe ń pinnu fóltì ní ibi kọ̀ọ̀kan. Méjì yòókù ń ṣọ́ electron àti àyè òfìfo tí electron fi sílẹ̀, pé kò sí èyí tó kàn máa pòórá láìní àlàyé. Ọgbọ́n tí Scharfetter àti Gummel dá ní Bell Labs ní 1969 láti yanjú ìṣirò wọ̀nyí ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ títí dòní. Yunifásítì Stanford ló fún wa ní SUPREM àti PISCES. Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ìlú Vienna ló fún wa ní MINIMOS láti ọwọ́ Selberherr àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ rí i pé yunifásítì ni mò ń dárúkọ ṣáá.

Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ò lè ṣírò ní gbogbo ibi tó wà nínú silicon. Ńṣe ló máa ń ta àwọ̀n sórí transistor náà, tí á máa ṣírò ní ojú kókó àwọ̀n nìkan. Ẹni tó bá sì ju àwọ̀n olójú ńlá sódò, kó má padà wálé wá sọ pé kò sí ẹja wẹ́wẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí transistor bá ṣí, ìpele tí electron ń gbà kọjá lábẹ́ gate kì í nípọn ju nánómítà mélòó kan lọ. Bí ojú àwọ̀n rẹ bá fẹ̀ tó nánómítà 10 níbẹ̀, gbogbo ohun tó ṣe pàtàkì nínú transistor rẹ ti bọ́ sínú ojú kan ṣoṣo. Ǹjẹ́ sọ́fútíwíà náà máa sọ fún ọ? Rárá. Á ṣírò, á parí, á ya gíráàfù dídán fún ọ, ìlà rẹ̀ á sì tẹ̀ dáadáa bó ṣe yẹ kó tẹ̀. Gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ọ̀nà tí a fi ń mọ èyí tí inú ń run ò le: dín ojú àwọ̀n kù sí ìdajì, kí o tún un ṣírò. Bí èsì bá yí padà, èyí tí o rí tẹ́lẹ̀ kì í ṣe èsì. Ó yà mí lẹ́nu bí ìwé tí mo ń kà ṣe pọ̀ tó, tí wọn ò sọ̀rọ̀ kan nípa àwọ̀n tí wọ́n lò.

Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sórí SPICE, nítorí ohun kan tí mo ti rí lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ju ẹyọ kan lọ. Ọmọ náà fẹ́ mọ bí iná tó ń jò nínú transistor òun ṣe kéré tó nígbà tó wà ní pípa. Ó gbé gíráàfù wá. Ní fóltì kan, picoampere kan, ìyẹn ìdá kan nínú tírílíọ̀nù ampere, ló ń jò. Ní fóltì méjì, picoampere méjì. Ìlà tó gún gbọọrọ láti òdo lọ sókè. Inú rẹ̀ dùn pé transistor òun ò jò púpọ̀. Mo wá bi í pé, "Ta ló ń jò gan-an, transistor ni àbí SPICE?"

Ó dákẹ́. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí. Nǹkan kan wà nínú SPICE tó ń jẹ́ GMIN. Kí ìṣirò má baà há sójú ọ̀nà, sọ́fútíwíà náà máa ń fi ọ̀nà tín-ín-rín kan kún gbogbo ojú ìpàdé PN, ìyẹn ibi tí oríṣi silicon méjì ti pàdé, kí iná bíńtín lè máa gba ibẹ̀ kọjá. Bí o kò bá fọwọ́ kàn án, iye rẹ̀ jẹ́ 10⁻¹² siemens (siemens la fi ń wọn bó ṣe rọrùn tó fún iná láti kọjá). Fóltì kan lórí 10⁻¹² siemens, picoampere kan géérégé nìyẹn. Nọ́ńbà tí ẹnì kan ti kọ sínú kóòdù kí wọ́n tó bí ọmọ yìí ló wọ̀n, tó sì fẹ́ fi kọ ìwé oyè. Ẹnikẹ́ni ò pa irọ́ fún un o. GMIN wà nínú ìwé ìlànà, kedere. Kò kàn sí ẹni tó sọ fún un pé irinṣẹ́ ní inú ni.

Mọ́dẹ́ẹ̀lì náà tún ní ààlà tirẹ̀. Wọ́n wọn àwọn transistor gidi ní ilé-iṣẹ́, láàárín ìwọ̀n òtútù àti ooru kan, wọ́n sì tún nọ́ńbà mọ́dẹ́ẹ̀lì ṣe títí tó fi bá ohun tí wọ́n wọ̀n mu. Bí ìwọ bá wá mú mọ́dẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ṣe fún ooru ojoojúmọ́, tí o fi ṣírò chip tó máa ṣiṣẹ́ ní kelvin 4, ìyẹn nínú òtútù líle koko, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà quantum, á fún ọ ní nọ́ńbà. Nọ́ńbà ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àyè ìwádìí ńlá wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá ń wá àkòrí.

Èyí tó wá wù mí jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn átọ́ọ̀mù. Kí silicon tó lè ṣiṣẹ́, a máa ń da átọ́ọ̀mù mìíràn lù ú. Ká mú transistor kan tí ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ gùn ní nánómítà 20, tó fẹ̀ ní 20, tó jìn ní 20. Ká ní a da átọ́ọ̀mù 10¹⁸ sínú àyè tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà kan, tó fẹ̀ ní ọ̀kan, tó jìn ní ọ̀kan. Mélòó ló máa bọ́ sínú transistor yẹn? Ẹ ṣírò ó: mẹ́jọ. Átọ́ọ̀mù mẹ́jọ! Bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó ń kà wọ́n sínú. Bí wọ́n ṣe bọ́ sí i ni. Transistor kan á ní márùn-ún, ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á ní mọ́kànlá. Ọmọ ìka ò dọ́gba. Fóltì tí ọ̀kan máa fi ṣí kọ́ ni èkejì máa fi ṣí, bílíọ̀nù wọn ló sì gbọ́dọ̀ jọ ṣiṣẹ́ pọ̀ nínú chip kan. Asen Asenov àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Glasgow jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń gbé átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan sí àyè rẹ̀, tí wọ́n ń ṣírò transistor kan náà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, lọ́pọ̀ ìgbà, pẹ̀lú àtòpọ̀ átọ́ọ̀mù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Irinṣẹ́ tó ń ka silicon sí ohun tó rí bákan náà láti òkè délẹ̀ kò lè rí èyí. Àwọn tó ń béèrè ohun tó wà nínú irinṣẹ́ ló rí i.

Ta ló ni irinṣẹ́ náà?

Ní 1978, Lynn Conway lọ kọ́ kíláàsì kan ní MIT. Òun àti Carver Mead ti ń ṣiṣẹ́ lórí bí wọ́n ṣe lè sọ òfin yíyà chip di ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ́ láàárín sáà ẹ̀kọ́ kan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ya chip tiwọn, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sórí àwo silicon kan náà, wọ́n sì fi ránṣẹ́ fún ṣíṣe. Kò pẹ́ kò jìnnà, chip dé ọwọ́ wọn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: owó tí ẹnì kan ò lè dá san, ogójì èèyàn lè pín in san. Láti inú èyí ni MOSIS, ètò tó ń kó iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn jọ fún ṣíṣe, ti jáde ní 1981, tí yunifásítì lóríṣiríṣi fi ń ṣe chip láìní ilé-iṣẹ́ tiwọn.

Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í pa dé díẹ̀díẹ̀. Irinṣẹ́ gidi bọ́ sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ mélòó kan, Cadence, Synopsys, àti Mentor tó ti di Siemens EDA báyìí. Mi ò bá wọn jà. Láìsí wọn kò sí chip ìgbàlódé, wọ́n sì ń fún yunifásítì ní láísẹ́ǹsì ní ẹ̀dínwó. Ṣùgbọ́n o ò lè wo inú rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni láísẹ́ǹsì wọn kò gbà kí olùwádìí tẹ àfiwé irinṣẹ́ kan àti èkejì jáde. Ìwífún nípa bí ilé-iṣẹ́ ṣe ń ṣe transistor wọn, àfi kí o bu ọwọ́ lùwé pé o ò ní sọ fẹ́nì kan. Báwo ni akẹ́kọ̀ọ́ ìlú mìíràn á ṣe wá tún iṣẹ́ rẹ ṣe, kó mọ̀ bóyá òótọ́ ni? Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì tẹ èèkù idà kì í bèèrè ikú tó pa baba rẹ̀.

Inú mi dùn láti sọ pé ilẹ̀kùn tún ti ń ṣí. Ní 2018, Andrew Kahng àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní UC San Diego bẹ̀rẹ̀ OpenROAD, sọ́fútíwíà tó ń to chip láti orí kóòdù dé àwòrán, tí ẹnikẹ́ni lè kà. Ní 2020, Google àti SkyWater tú ìwífún SKY130 sílẹ̀ fún gbogbo ayé: ìwífún bí wọ́n ṣe ń ṣe chip 130 nánómítà gidi, láìbuwọ́lùwé. IHP ní Jámánì náà tú tiwọn sílẹ̀. Magic, tí wọ́n kọ ní Berkeley ní àwọn ọdún 1980, ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí wọn. Ẹ fi àwọn sọ́fútíwíà ọ̀fẹ́ bíi Yosys, ngspice, KLayout kún un, ẹ fi RISC-V, ìlànà àṣẹ kọ̀ǹpútà tó wà lọ́fẹ̀ẹ́, tó bẹ̀rẹ̀ ní Berkeley ní 2010 kún un, akẹ́kọ̀ọ́ tó ní kọ̀ǹpútà kan ti lè ya chip odindi láìsan kọ́bọ̀.

Àwọn kan á ní, "Ti àtijọ́ ni 130 nánómítà." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n transistor tó ń jò, transistor méjì tí kò dọ́gba, wáyà tó ń fa ìdádúró, àwòrán tó gbọ́dọ̀ bá òfin ilé-iṣẹ́ mu, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Èyí tó dà mí láàmú ni owó. Efabless, ilé-iṣẹ́ tó ń kó iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ lọ fún ṣíṣe lórí SKY130, ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní 2025. Kóòdù wà lọ́fẹ̀ẹ́, silicon ò sí lọ́fẹ̀ẹ́. Ó yẹ kí àwọn tó ń pín owó ìwádìí gbọ́ èyí dáadáa.

Ọ̀rọ̀ AI náà kò yọ sẹ́yìn. Ní 2021, àwọn olùwádìí Google tẹ iṣẹ́ kan jáde nínú Nature pé ẹ̀rọ tí wọ́n kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ lè to àwọn apá chip sí àyè wọn láàárín wákàtí mélòó kan. Àríyànjiyàn ńlá bẹ́ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ Kahng gbìyànjú láti tún un ṣe, àwọn kan fara mọ́ èsì wọn, àwọn kan ò fara mọ́ ọn. Mi ò wá dá ẹjọ́ yẹn níbí. Ohun tí mo rí ni pé ìjà náà pẹ́ nítorí pé kì í ṣe gbogbo ìwífún àti kóòdù ló wà níta láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan fọwọ́ kan irinṣẹ́ olówó ńlá kó tó kọ SPICE kékeré tirẹ̀. Ojú ìwé Python kan ti tó. Fóltì kan, resistor 1,000 ohm, diode kan, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo, tí Is rẹ̀ jẹ́ 10⁻¹⁴ ampere bí SPICE ṣe ń fi í sílẹ̀. Kí ó fi ọ̀nà Newton, ìyẹn ká fojú bu èsì ká sì máa tún un ṣe, ṣírò fóltì orí diode náà, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ẹ wo ohun tó máa rí: ní ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́, ìṣirò á fò lọ sí fóltì kan tààrà; iná tí diode ní òun máa gbé kọjá níbẹ̀ á ju 500 ampere lọ. Ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta ampere, nínú circuit tí kò lè gbé ju ẹyọ kan nínú ẹgbẹ̀rún ampere! Lẹ́yìn náà á máa rá padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, bí ìdá mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nínú ẹgbẹ̀rún fóltì lẹ́ẹ̀kan, títí á fi dé ibi tó yẹ. Kí ó wá fi fóltì 20 sí i dípò ọ̀kan. Nọ́ńbà náà á tóbi ju ohun tí kọ̀ǹpútà lè gbé lọ, gbogbo rẹ̀ á dojú dé. Ìgbà náà ni ọmọ yẹn á mọ ìdí tí SPICE fi máa ń dín ìgbésẹ̀ diode kù, àti ohun tí ọ̀rọ̀ "timestep too small" ń fẹ́ sọ nígbà tó bá yọ sí i lójú láàárín òru.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá kọ ìwé oyè, ẹ fi netlist yín, ìyẹn àkọsílẹ̀ bí ẹ ṣe so circuit pọ̀, sí i, ẹ fi ẹ̀dà mọ́dẹ́ẹ̀lì tí ẹ lò sí i, ẹ fi fáìlì àwọ̀n sí i, ẹ kọ iye GMIN àti gbogbo ohun tí ẹ yí padà. Ẹ gbé e síbi tí àlejò tó wà ní òpin ayé ti lè gbà á, kó sì tún un ṣe láìpè yín lórí fóònù.

Ẹ̀yin alákòóso yunifásítì, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá lo ọdún kan láti tún àṣìṣe inú ngspice tàbí OpenROAD ṣe, tí gbogbo ayé ń jẹ àǹfààní rẹ̀, ẹ ka ìyẹn sí ìwádìí nígbà tí ẹ bá ń fún èèyàn ní oyè àti ìgbéga. Lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí, ní ibi púpọ̀, wọn kì í kà á sí.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Àkókò wà fún ìbéèrè. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn lórí ọ̀rọ̀ láísẹ́ǹsì, kó kọ́kọ́ dìde.